Kóìnì Tí Ẹ Yí Padà Nínú Ìrántí Fóònù Kì í Kúrò Nínú Fóònù Náà

Láti géètì àríwá fásitì FUTA títí dé àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Arákàlé, ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn géèmù. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ní ètò tí ń yẹ inú ìrántí ẹ̀rọ wò, tí ó sì mọ bí a ṣe ń kọ script fún un, ìyẹn àṣẹ tí a tò sílẹ̀ kí ètò náà lè máa tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀, lè sọ kóìnì 100 di mílíọ̀nù kan nínú géèmù yòówù tí ó bá wù ú. Àwọn kan tilẹ̀ ti fi ṣòwò: wọ́n ń ta script lórí WhatsApp bí ẹni ń ta káàdì ìpè. Èmi kò ní sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò sí, nítorí ó wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ dáadáa ni ibi tí agbára rẹ̀ dé.

Nígbà tí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́, gbogbo ohun tí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí iye ẹ̀mí tí ó kù, iye ọta ìbọn, iye kóìnì àti ibi tí ẹ dúró sí, ni ó ń kọ sínú ìrántí ẹ̀rọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Iṣẹ́ Cheat Engine, tí Eric Heijnen ṣe fún àwọn kọ̀ǹpútà Windows, àti ti GameGuardian tí ó wà fún Android, ni láti wá àdírẹ́sì yẹn rí. Bí kóìnì yín bá jẹ́ 340, ẹ ó ní kí ó wá 340, yóò sì kó gbogbo ibi tí ó ti bá nọ́ńbà náà pàdé jọ. Wọ́n lè pọ̀ lọ jàra, nítorí 340 kan náà lè jẹ́ ìbú àwòrán, ó lè jẹ́ apá kan nínú orin, ó sì lè jẹ́ ohun tí kò kan kóìnì rárá. Ẹ ó wá padà sínú géèmù, ẹ ó ná díẹ̀ títí yóò fi ku 315, ẹ ó sì ní kí ètò náà tún wo àwọn ibi tí ó ti kó jọ náà nìkan, kí ó yọ èyí tí kò tíì di 315 dànù. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sábà máa ń ku ibi kan ṣoṣo tàbí ibi bíi mélòó kan, ẹ ó sì kọ nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ síbẹ̀.

Sùúrù ni iṣẹ́ náà gbà jù. Kóìnì sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà odidi tí ó gba báìtì 4 (báìtì ni a fi ń wọn àyè ìrántí), ṣùgbọ́n ẹ̀mí àti eré sísá sábà máa ń jẹ́ onídẹ́símà, èyí tí ètò náà ń pè ní float. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ 100 odidi pamọ́ kọ́ ni ó ṣe ń kọ 100 onídẹ́símà, nítorí náà, ẹni tí ó bá yan irú tí kò tọ́ lè wá a di ọ̀la láìrí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀pá ẹ̀mí ni géèmù náà fi hàn láìkọ nọ́ńbà kankan, ẹ ó kàn máa sọ fún un lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan pé iye náà ti dínkù tàbí pé ó ti pọ̀ sí i, títí yóò fi ku díẹ̀.

Script kò fi agbára kankan kún èyí. Èdè Lua, tí wọ́n ṣe ní fásitì Kátólíìkì kan ní Rio de Janeiro ní 1993, ni àwọn ètò méjèèjì ń lò, ohun tí a sì sábà máa ń fi kọ kò ju pé wá nọ́ńbà báyìí, dín èsì kù, kọ tuntun sí i. Ó kàn ń gba ìka yín lọ́wọ́ títẹ̀ lemọ́lemọ́ ni. Ohun tí ọwọ́ yín kò lè yí padà, script tí ẹ fi owó rà kò lè yí i padà.

Nínú géèmù tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni ó ń kọ ohun gbogbo pamọ́ sí, iṣẹ́ náà máa ń yọrí. Ẹ lè fi kóìnì náà ra ọkọ̀, ẹ lè pa géèmù náà kí ẹ tún ṣí i, kí owó ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí ó ga jù tí báìtì 4 lè gbà, bí ó bá fàyè sílẹ̀ fún iye tí ó kéré sí òdo, ni 2,147,483,647, ìdí sì nìyẹn tí nọ́ńbà yìí gan-an fi ń fara hàn lemọ́lemọ́ nínú fídíò àwọn tí ń fi ọ̀nà yìí ṣe fáàrí. Mo rò pé ibí yìí ni ìgbàgbọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ó ṣiṣẹ́ nínú géèmù kan, wọ́n sì gbà pé gbogbo géèmù rí bẹ́ẹ̀.

Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Free Fire tàbí Call of Duty: Mobile kò rí bẹ́ẹ̀. Orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ni géèmù náà, ni àkọsílẹ̀ owó yín wà. Ẹ̀dà rẹ̀ ni ó wà nínú fóònù kí ojú yín lè rí i. Ẹ wo ẹni tí ń dá àjọ: ó lè fi bírò tirẹ̀ kún káàdì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé alájọ ni wọn yóò ṣí nígbà tí ó bá fẹ́ kó owó. Ẹnikẹ́ni lè dán èyí wò láìná kọ́bọ̀. Ẹ yí dáyámọ́ǹdì 20, tí í ṣe owó inú Free Fire, padà sí 5,000, kí ẹ gbìyànjú láti ra ohun tí ó tó 300. Sáfà yóò wo ìwé tirẹ̀, yóò rí 20, kò sì ní tà á fún yín. Bí ẹ bá pa géèmù náà tí ẹ tún ṣí i, 20 yóò padà sójú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Fídíò kì í sábà dé ibi rírà yìí. Bí nọ́ńbà bá ti yí padà lójú fóònù ni wọ́n ti ń dá a dúró.

Mo gbọ́dọ̀ gbà pé àyọkúrò kan wà, nítorí àwọn olóòótọ́ yóò sọ pé àwọn ti rí ẹni tí ń sáré ju gbogbo èrò lọ nínú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ń rí ọ̀tá láti ẹ̀yìn ògiri. Òótọ́ ni. Bí sáfà bá ní láti dúró ṣírò gbogbo ìgbésẹ̀ àti gbogbo àwòrán fún gbogbo ènìyàn, géèmù yóò máa fà, nítorí náà àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ yín láti ṣe. Ibẹ̀ ni ojòró ti ń ráyè wọlé, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ètò bíi BattlEye àti Easy Anti-Cheat fi wà láti máa ṣọ́ ẹni tí ń fọwọ́ kan ìrántí géèmù, kí wọ́n sì ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n àpò owó kò sí lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ti tẹ́tẹ́ ni ó burú jù. Mo ti gbọ́ nípa ẹni tí ń fi àwòrán ojú fóònù hàn, tí àkáǹtì tẹ́tẹ́ rẹ̀ ti di mílíọ̀nù méjì náírà, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ irú rẹ̀. Kò pọn dandan kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ìrántí rárá: ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí ojú ewé kan nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà lè yí ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ padà lójú ara rẹ̀, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe láti dé ìwé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ géèmù. Òfin 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti yí dátà padà láìgbàṣẹ kí ohun ìní ẹlòmíràn lè sọnù.

Ìgbàgbọ́ kejì tí ó máa ń tẹ̀lé èyí ni pé àdírẹ́sì tí a bá rí lónìí yóò ṣiṣẹ́ lọ́la. Láti ayé Windows Vista àti Android 4 ni ẹ̀rọ ti ń gbé àyè ìrántí ètò sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀bàyéjẹ́ má baà mọ ibi tí nǹkan wà ṣáájú. Bí ẹ bá pa géèmù náà, ó ṣeé ṣe kí àdírẹ́sì yín ti di asán. Ọlọ́gbọ́n a máa tọpa láti ibi tí kì í yẹ̀ títí dé ibi tí kóìnì wà, àmọ́ bí géèmù bá gba àtúnṣe tuntun, ọ̀nà náà lè tún yà.

Ní ti Android, áàpù kan kò lè ka ìrántí áàpù mìíràn, àfi bí ẹ bá root fóònù náà, ìyẹn ni pé kí ẹ ṣí i kọjá ààlà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fi sí i, tàbí kí ẹ gbé àwọn méjèèjì sínú áàpù kan tí ń ṣe bí fóònù kékeré. Fóònù tí a ti root lè mú kí áàpù báǹkì kọ̀ láti ṣí. Àwọn script tí wọ́n ń tà sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí a ti dì pa tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, nítorí náà ẹ kò mọ ohun mìíràn tí ó ń ṣe. Èmi kò lè fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ nínú fóònù tí nọ́ńbà báǹkì mi wà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà ní tòótọ́, pàápàá ẹni tí ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, kò nílò láti ra ohunkóhun. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan wà nínú Cheat Engine fúnra rẹ̀. Ní ìpele kejì rẹ̀, ẹ ó bá ẹ̀mí 100 àti bọ́tìnì kan tí ń dín in kù nígbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá àdírẹ́sì náà, ẹ sọ ọ́ di 1000, bọ́tìnì ìpele tí ó kàn yóò sì ṣí.