Kò pọn dandan kí class jogún class

Bóyá ni ẹnì kan wà tó kọ́ object-oriented programming (ọ̀nà ìkọ kóòdù tó ń kó data àti iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sínú object, tí class sì jẹ́ àwòṣe tí wọ́n fi ń ṣe object) tí kò pàdé class Ajá àti Ẹranko. Ajá jogún Ẹranko, ìyẹn ni pé ó gba ohun tí Ẹranko ní, Ológbò náà jogún Ẹranko, ọ̀kan ń gbó, èkejì ń ké. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti gbà pé ogún jíjẹ ni gbogbo rẹ̀, pé kóòdù tí kò bá ti ní "extends" (ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé class kan jogún òmíràn) nínú kì í ṣe object-oriented. Irọ́ ni.

Ẹ wo class Stack tó wà nínú èdè kóòdù Java láti ẹ̀dà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ stack ò ju pé kí èyí tó dé kẹ́yìn kọ́kọ́ jáde, bí àwo tí wọ́n tò léra. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó jogún Vector, class kan tó ń to nǹkan léra wọn, Vector sì máa ń gbà kéèyàn ki nǹkan bọ ibi tó bá wù ú. Ìdí nìyẹn tí èyí fi ń ṣiṣẹ́ (push ń fi nǹkan sórí, add(0, ...) ń ki nǹkan sí ìsàlẹ̀ pátápátá):

Stack<String> awo = new Stack<>();
awo.push("Kìíní");
awo.push("Kejì");
awo.add(0, "Àjèjì");

Àjèjì ti wọ abẹ́ gbogbo wọn, Java ò sì janpata. Stack jogún dúkìá, ó jogún gbèsè mọ́ ọn. Ìwé àlàyé Java fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé ká kúkú lo Deque, irú àtòjọ míì tí nǹkan lè gba orí tàbí ìdí rẹ̀ wọlé tàbí jáde.

Ohun tí ì bá dáa ni kí Stack fi Vector pamọ́ sínú ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi private, ìyẹn ni pé ará ìta ò lè fọwọ́ kàn án, kó wá ṣí push, pop (mímú tòkè kúrò) àti peek (wíwo tòkè) nìkan sílẹ̀ fún ará ìta. Kò sí "extends" kankan níbẹ̀, síbẹ̀ object-oriented ni látòkè délẹ̀: data àti iṣẹ́ tó kàn án wà lójú kan, kò sì sẹ́ni tó lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Lóòótọ́, ogún jíjẹ kì í ṣe nǹkan àná. Ó ti wà nínú èdè kóòdù Simula 67, tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ṣe ní Norway. Ṣùgbọ́n Alan Kay, tó fún ọ̀nà yìí lórúkọ, kọ ọ́ ní 1998 pé iṣẹ́ (message) tí object ń rán sí object ni kókó. Go, èdè kóòdù tó jáde ní 2009, kò tilẹ̀ ní kí class jogún class.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí class jogún class? Nígbà tí class ọmọ bá lè dúró níbikíbi tí class bàbá dúró sí, tí nǹkan ò sì ní dàrú. Ìgbà míì, wọn ò ní bi ọ́ léèrè: tó o bá fẹ́ kọ Activity (ojú ìwé kan nínú áàpù) tìrẹ fún áàpù Android, wàá jogún Activity, o fẹ́, o kọ̀.