Odo kan lára owó Moriténíà
Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé onítakisí Nouakchott, olú-ìlú Moriténíà, ń rẹ́ àlejò jẹ, pé wọ́n á pe 1,000 úgíyà (owó ilẹ̀ náà) fún ìrìn tí owó rẹ̀ jẹ́ 100, kò tọ̀nà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018, Moriténíà yọ odo kan kúrò lára owó rẹ̀: úgíyà 10 àtijọ́ di 1 tuntun. Bébà owó yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń fi ti àtijọ́ dá iye. Ẹni tó pe 1,000 lè máa béèrè 100 tuntun. Àlejò tó bá na 1,000 tuntun sí i ti san ìlọ́po mẹ́wàá, ó mà ṣe o!

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nídìí pàṣípààrọ̀: dọ́là kan tó nǹkan bí 40 tuntun. Ẹni tó bá pè é ní 400, ti àtijọ́ ló ń sọ. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ fi bébà tí ẹ fẹ́ san han awakọ̀.