Ọ́ìlì Dúdú Ò Lé Ejò Nídìí Ilé Adìẹ

Ní Sátidé tó kọjá, mo wà níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ n'Íkẹ́rẹ́, ìyá kan sì ń ráhùn pé nǹkan ń gbé adìẹ òun lóru. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọkùnrin tó ń wọn oúnjẹ fún wa fi dá a lóhùn: "Màmá, ẹ lọ gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ dà á yí ilé adìẹ yín ká. Ejò ò ní gbabẹ̀ kọjá láéláé." Gbogbo wọn ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Èmi fúnra mi ti dà á rí. Kéègì lítà 5 kan gbáko ni mo gbà. Mo wa ojú ilẹ̀ tóóró yí ilé adìẹ ká, mo dà á síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán. Òórùn rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé kan débi pé ìyàwó mi ò lè sá aṣọ síbẹ̀ mọ́. Mo ní kó fara dà á, adìẹ wa ti bọ́.

Lóru ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tí àwọn adìẹ ń pariwo. Mo rò pé òjò ló ń dà wọ́n láàmú, mo yíjú sí ògiri. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mọ́kànlá ló há ara wọn mọ́ igun kan. Ìkejìlá, adìẹ pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé, ti wà nínú erè kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló gbà wọlé. Ó jẹun yó tán, ikùn ò jẹ́ kó lè jáde. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò fi igi yí i padà, abẹ́ ikùn rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì mi. Lára búlọ́ọ̀kù náà, ọ́ìlì fà láti ilẹ̀ títí dé ẹnu ihò yẹn, bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Kò yà fún un rárá, àárín rẹ̀ gan-an ló gbà.

Ahọ́n ni ejò fi ń gbóòórùn. Ọ́ìlì rẹ ń rùn, adìẹ náà ń rùn, ebi sì ń pa á. Erè tún ní àwọn ihò kéékèèké létí ètè tó fi ń mọ ibi tí ooru ara ẹran wà nínú òkùnkùn. Kí ni ọ́ìlì fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Wọ́n á ní, "Èmi ti ń dà á láti èṣín, ejò ò wá." Ṣé ejò bá ẹ dájọ́ ni? Àwọn tó ní àwọn baba wa ló fi sílẹ̀ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Baba wo ló rí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì? Ìyá ìyá mi, tílẹ̀ bá ti ń ṣú, á kó adìẹ sínú àgò, á gbé e wọ ilé ìdáná, á gbé òkúta lé e, á sì tilẹ̀kùn.

Ó dáa, kẹrosíìnì àti eérú gbígbóná máa ń yí ìjàlọ lọ́nà padà fúngbà díẹ̀. Ìjàlọ nìyẹn o.

Èyí tó gbà mí ni nẹ́ẹ̀tì onírin tí ìka kékeré mi ò lè wọ ihò rẹ̀. Mo kàn án mọ́ fèrèsé, mo fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò, mo sì ri nẹ́ẹ̀tì náà wọlẹ̀ yíká nítorí òkété tó ń gbẹ́lẹ̀ wọlé jẹ òròmọdìẹ. Mo gé koríko, mi ò sì fi àjẹkù oúnjẹ sílẹ̀ fún eku mọ́, torí eku ló ń pe ejò wá. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń ka adìẹ kí n tó ti wọ́n mọ́lé. Ọdún kẹta rèé, ìkankan ò tíì sọnù lóru.

Mo sọ gbogbo èyí fún màmá náà. Ó wò mí títí, ó ní, "O ṣé o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yẹn ni màá kọ́kọ́ dán wò, ọ̀fẹ́ ni."