Bàtá Kúbà kì í ṣe bàtá Ọ̀yọ́ Ilé tí wọ́n kó sínú fíríìsà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí torí ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ibi yòówù táwa Yorùbá bá ti ń sọ̀rọ̀ orin ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi ní àwa tá a wà nílé ti sọ tiwa nù, pé tó bá jẹ́ ojúlówó la fẹ́ gbọ́ ká lọ sí Kúbà tàbí Bàhíà ní Bùràsílì, pé bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń lùlù kí wọ́n tó kó wọn lẹ́rú làwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń lù ú títí dòní, wọn ò yí nǹkan kan padà. Àwọn tó kàwé gan-an ń sọ ọ́. Ìfẹ́ àṣà ló ń mú wọn sọ ọ́, mo mọ̀, ìfẹ́ yẹn náà ló ń mú mi kọ èyí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bàtá fúnra ẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí jù.

Nílé níbí, onílù á gbé bàtá kọ́ ọrùn, á dúró, á máa rìn, á máa tẹ̀ lé eégún tàbí oníṣàngó kiri ìlú. Igi ìlù náà fẹ̀ lápá kan, ó sì ń tín-ín-rín lọ sápá kejì. Ojú tó tóbi là ń pè ní ojú òjò, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lù ú, èyí tó kéré ni ṣáṣá, bílálà ni wọ́n fi ń nà án, ìyẹn awọ líle tó ń dún tá-tá létí bí ẹ bá sún mọ́ ọn. Ní Kúbà ńkọ́? Wọ́n jókòó ni. Wọ́n gbé ìlù ní ìbú lé itan, àárín igi náà há bí ìbàdí, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì, kò sí bílálà níbẹ̀ rárá. Mẹ́ta ni wọ́n, iyá, itótele àti okónkolo, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá èkejì lóhùn sì díjú débi pé onílù tó mọṣẹ́ dáadáa nílé á ní láti jókòó kọ́ ọ bí ọmọ ilé ìwé, gẹ́gẹ́ bí onílù Kúbà náà ṣe máa kọ́ tiwa.

Ìlù yìí ní ọjọ́ ìbí níbẹ̀. Fernando Ortiz, ọmọ Kúbà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí nípa orin àwọn adúláwọ̀ ìlú ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn ọmọ Yorùbá méjì kan ní Havana, Àyànbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti yarọ àti Àtàndá tó mọ igi gbẹ́, jókòó tí wọ́n ṣe bàtá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Àyàn, òrìṣà ìlù, sínú ẹ̀ nílẹ̀ Kúbà. Ẹ ronú sí i ná. Ẹrú ni wọ́n kó wọn wá, wọn ò gbé ìlù dání wọnú ọkọ̀, igi ìlú ibòmíì ni wọ́n gbẹ́, ohun tó wà lórí wọn nìkan ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n orí àti iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Láwọn ọdún 1930 ni wọ́n tó lu bàtá fún gbogbo èèyàn lórí ìtàgé ní Kúbà nígbà àkọ́kọ́, Ortiz yìí náà ló ṣètò ẹ̀, Pablo Roche ló ṣáájú àwọn onílù, ìlù tí wọn ò sì fi Àyàn sí ni wọ́n lò torí èyí tó ní Àyàn nínú kì í ṣe nǹkan à ń gbé lọ sí ìtàgé lójú wọn.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù létí tèmi nìyí. Nílé, òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlù tiẹ̀. Ṣàngó àti eégún ló ni bàtá. Ọbàtálá ń jó sí ìgbìn, Ifá ní ìpèsè, ọdẹ àti Ògún ní àgẹ̀rẹ̀, Ọ̀ṣun ní bẹ̀m̀bẹ́. Ẹ ò ní bá wọn ní ìlú kan kí wọ́n máa fi bàtá kí gbogbo òrìṣà ní ẹsẹẹsẹ, látorí Èṣù títí kan ẹni tó kẹ́yìn, nínú yàrá kan ṣoṣo, kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Kúbà gan-an nìyẹn, oru ni wọ́n ń pè é, onílù á kọjú sí ojúbọ, wọn ò ní kọrin, ìlù nìkan lá máa kí òrìṣà níkọ̀ọ̀kan. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Oko ìrèké ò bi ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pé ìlú wo lo ti wá, Lukumí ni wọ́n pe gbogbo wọn, ilé kan ni wọ́n há wọn mọ́, òrìṣà tó jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ bíi mélòó kan ló wà láàárín ojúbọ wọn nílé wá di ará ilé kan náà. Bàtá wá gba iṣẹ́ gbogbo àwọn ìlù yòókù ṣe. Dùndún tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa tó yìí, kò tiẹ̀ rí ibì kankan fìdí kalẹ̀ sí nínú ẹ̀sìn Lukumí. Ètò tuntun ni, àwọn èèyàn tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn ló fi làákàyè tò ó, kò sí Aláàfin kankan tó gbọ́ oru rí ní Ọ̀yọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà, torí ibí yìí gan-an ló ti hàn jù. Ní Matanzas, Kúbà, àwọn kan ṣì wà tó ń lu ìlù tí wọ́n ń pè ní iyesá, ọ̀pá ni wọ́n fi ń lù ú, igi ẹ̀ gún régé látòkè dé ìsàlẹ̀. Ní Bàhíà náà, ijexá wà, ti Ọ̀ṣun ni, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lù ú, ó tutù, ó ń fà, agogo ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun náà làwọn Filhos de Gandhy, ẹgbẹ́ táwọn alágbàrù èbúté Salvador dá sílẹ̀ lọ́dún 1949, ń gbé jáde nínú aṣọ funfun nígbà kànífà. Ìjẹ̀ṣà lorúkọ méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dì í pamọ́, ó yẹ kí méjèèjì dún bákan náà, kí wọ́n sì dún bíi ti Iléṣà. Wọn ò dún bákan náà. Ibi kọ̀ọ̀kan ló fi etí tiẹ̀ àti ọwọ́ tiẹ̀ ṣe é.

Bàhíà ni mo wà yìí, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Àwọn ilé candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ní Bùràsílì, tó ń pe ara wọn ní Ketu, ìyẹn tàwọn ọmọ wa gan-an, ṣé ẹ mọ̀ pé bàtá kọ́ ni ìlù wọn? Atabaque ni, ìlù gíga mẹ́ta, rum, rumpi àti lé, ọ̀pá tí wọ́n fi ń lù ú ń jẹ́ aguidavi, èdè Fọ̀n la sì ti máa rí orísun orúkọ rum, rumpi àti aguidavi, èdè àwọn ará Dàhòmì tó bá Ọ̀yọ́ jagun títí. Àwọn tó ń bára wọn jà níbí bára wọn dọ́rẹ̀ẹ́ nínú ìyà lọ́hùn-ún, wọ́n jọ ń ṣe ilé òrìṣà. Ìlù àgẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ ò dé Bàhíà, síbẹ̀ agueré ni wọ́n ń pe ohùn tí wọ́n ń lù fún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lórí atabaque. Ìlù ìgbìn náà ò dé, igbin ni wọ́n sì ń pe ohùn tí Ọbàtálá ń jó sí. Mo máa ń ronú nípa èyí gan-an. Igi ìlù ti dà nù sínú òkun, èèyàn ṣì rántí bó ṣe ń rìn.

Àwọn míì á ní, ó dáa, ṣùgbọ́n wọn ò rí ilé mọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti lọ, ìrántí wọn ṣì mọ́ tóní. Èyí náà ò rí bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1830 lọ ni àwọn tó gba òmìnira ti ń padà wá sí Èkó, Pópó Àgùdà ní erékùṣù Èkó fìdí ẹ̀ múlẹ̀, àwọn la mọ̀ sí Àgùdà, ìlù sámbà onígun mẹ́rin tó wá wọ orin aṣíkò Èkó sì wà lára ohun tí wọ́n bá dé. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Martiniano Eliseu do Bonfim, tí wọ́n bí ní Bàhíà lọ́dún 1859, bàbá ẹ̀ ló mú un wá sí Èkó láwọn ọdún 1870, ó gbé ibẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún, ó kàwé, ó kọ́ Ifá, ó padà sí Bàhíà, ó di babaláwo tí gbogbo èèyàn ń wárí fún, nígbà tó wá di àwọn ọdún 1930, òun àti Mãe Aninha tó dá ilé candomblé Opô Afonjá sílẹ̀ ló jọ gbé oyè àwọn Ọba Ṣàngó méjìlá kalẹ̀ níbẹ̀. Ohun táwọn èèyàn ń wò bí ògbólógbòó àṣà tí wọ́n gbé láti oko ẹrú yìí, apá kan ẹ̀ jẹ́ ohun tí ọkùnrin kan tó ti gbé Èkó rí mú bọ̀.

Ilé náà ò sì dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni kò kú bí wọ́n ṣe ń wí. Omele mẹ́ta, àwọn bàtá kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ kí onílù lè fi wọ́n sọ̀rọ̀ kedere, ọgbọ́n àwọn onílù ọ̀rúndún ogún ni. Dúró Ládiípọ̀ gbé bàtá wọ orí ìtàgé ní Òṣogbo láwọn ọdún 1960. Bàtá wọnú fújì. Ọ̀pọ̀ agboolé Àyàn ti jẹ́ mùsùlùmí látìgbà bàbá bàbá wọn, wọ́n ń kírun, wọ́n sì ń lùlù eégún bó bá tó àkókò. Ẹnà bàtá, èdè táwọn onílù fi ń ka ohun tí ìlù ń sọ, tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Àyàn ò ní gbọ́ tó bá wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ṣì ń gbọ́ ọ láwọn agboolé wọ̀nyẹn. Ní Kúbà, ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ ti dín kù gan-an torí Sípáníìṣì lèdè wọn, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tó ń gbé Yorùbá ò sí lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìlù pàdánù níbẹ̀ ni ìdáhùnsí láàárín ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, ó di nǹkan ńlá.

Mi ò fẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́ ọ pé mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn o. Ìbọ̀wọ̀ tí mo ní fún wọn pọ̀ ju ti ẹni tó ń pè wọ́n ní olùtọ́jú ẹrù wa lọ. Ọdún 1886 ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Kúbà, 1888 ní Bùràsílì, ìyà ò sì tán síbẹ̀. Ọlọ́pàá ń ya wọ ilé candomblé, wọ́n ń kó ìlù lọ, títí di 1976 ni ilé òrìṣà ní Bàhíà ṣì gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè lùlù. Àwọn tó la èyí já ò ṣe é kí wọ́n lè bá wa gbé nǹkan wa pamọ́ dọjọ́ tá a máa rántí. Wọ́n ṣe é torí kí wọ́n lè jẹ́ èèyàn. Ogún wọn ni, òógùn wọn wà níbẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé ti Àyàn náà ni.

Ó ń dùn mí pé bá a ṣe ń tún irọ́ yìí pa, onílù tó wà ládùúgbò ń di ẹni tí wọ́n ń pè kó wá lùlù fún olóṣèlú ní kọ̀ǹpéènì, kí wọ́n fún un ní owó díẹ̀, kí wọ́n ní àṣà ti kú. Bẹ́ẹ̀ láti ìlú òkèèrè làwọn èèyàn ti ń wọ bàálù wá sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun láti kọ́ bàtá lọ́dọ̀ ìdílé bíi ti Làmídì Àyánkúnlé, àwọn ọmọ wa tó wà ní Òṣogbo, tí mọ́tò kan péré lè gbé débẹ̀, ò mọ ojú ọ̀nà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi etí yín gbọ́ ìyàtọ̀ tí mò ń sọ, ẹ má wo ojú òjò, ojú kékeré ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Ṣáṣá là ń pè é, chachá làwọn ará Kúbà ń pè é. Tiwa á máa ta létí torí bílálà, tiwọn á rọ̀ díẹ̀, á máa wọnú ohùn ọwọ́ kejì. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ bá onílù bàtá kan nítòsí, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tí ìlù ẹ̀ wí fún yín, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un.