Ikú oníṣẹ́ ọnà kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ti gbogbo ayé

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa l'Òkè-Fìà, níbi tí a ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Ó na fóònù sí mi. Iṣẹ́ olóògbé Twins Seven-Seven, ayàwòrán Òṣogbo, ni, inú ìwé ló ti ya fọ́tò rẹ̀, ojú ibi tí ìwé ti ṣẹ́po ṣì hàn láàárín. Ó fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ sára tíṣáàtì 30. Mo bi í pé ta ló fún un láṣẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá yẹn mà ti kú. Ti gbogbo wa ni báyìí."

Ọ̀rọ̀ yìí kún ẹnu àwa atẹ̀wé l'Òṣogbo, kì í sì í ṣe òótọ́. Nínú òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ tí oníṣẹ́ ní lórí iṣẹ́ rẹ̀, bí ayàwòrán, òǹkọ̀wé tàbí ẹni tó kọ orin bá kú, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń mú ọdún kà: 70 ọdún gbáko, láti ìparí ọdún tó kú. Dúró Ládípọ̀, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, kú ní 1978, iṣẹ́ tó kọ ṣì ní ẹni tó ni ín títí 2048 fi máa parí. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, kú ní 2009: ó di ìparí 2079. Twins Seven-Seven kú ní 2011: ó di ìparí 2081. Ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n kiri ọjà Ìgbọ̀nà lónìí á ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Ogún ni ẹ̀tọ́ yìí. Àwọn àrólé ló ni ín, àfi bí olóògbé bá ti fi ìwé gbé e fún ẹlòmíì. Ẹni tó ra àwòrán kọ́ sára ògiri, àwòrán ló rà, kò ra àṣẹ àtidà á kọ.

Fọ́tò, fíìmù àti rẹ́kọ́ọ̀dù ló yàtọ̀: 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ni, ì báà jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ṣì wà láyé. Lójú tèmi, wọ́n rẹ́ ayafọ́tò jẹ níbẹ̀. Ẹni tó gbé fọ́tò jáde lọ́mọ ogún ọdún lè dàgbà tán kó máa wo àwọn ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń tà á.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún ọmọkùnrin náà, mo ní kó wá àwọn ẹbí bàbá lọ, kó tọrọ àṣẹ. Ó ronú díẹ̀, ó wá fi ìka kan igun àwòrán náà nísàlẹ̀, níbi tí orúkọ wà.

"Ẹ ò kàn lè bá mi pa ibí yìí rẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un.