Ẹ̀yìn Àlejò Ni A Ti Ń San Gbèsè

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni ọmọ àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti mú un mọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjìlá tí ìjọ wọn ń rán bọ̀ ní Kétu wa níhìn-ín, ní orílẹ̀-èdè Benin, fún iṣẹ́ ìhìnrere, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò kí mi tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀: "Màmá Kétu, kí ni ká kó wá fún yín?" Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Láti ìgbà náà ni òwe kan kò ti kúrò lẹ́nu mi, yálà mo wà nídìí ààrò tàbí mo wà lọ́jà: ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án.

Onílé ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún. Wọ́n á ní kó má náwó kọjá agbára rẹ̀ nítorí àlejò, kó má lọ ra adìyẹ àwìn torí pé ẹnì kan fẹ́ jẹun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń dáná fún àwọn ikọ̀ ajíhìnrere tó ń wá sí ìjọ wa, ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, mo ti wá rí i pé àlejò ló yẹ kí wọ́n máa pa á fún. Onílé kúkú mọ gbèsè tó jẹ. Àlejò ni kò mọ̀. Ó ti wọ mọ́tò, ó ń juwọ́ lójú fèrèsé, omi ìfẹ́ ń bọ́ lójú rẹ̀. Lákòókò kan náà, akápò ìjọ ti mú ìwé àti bírò jáde.

Ikọ̀ kan wá nígbà kan láti òkè òkun, mẹ́rìnlá ni wọ́n. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, n ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ti kọ̀wé ṣáájú pé ká má dààmú, pé ibi tí a bá fi àwọn sí ni àwọn á sùn, ohun tí a bá sè ni àwọn á jẹ. Yorùbá wo ló máa ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí yóò kàn tẹ́ ẹní fún àlejò lóòótọ́? A ra fóòmù láwìn. A háyà ẹ̀rọ amúnáwá, a ń ra bẹntiróòlù sí i lálaalẹ́. Omi kànga wa kò bá wọn lára mu, omi inú ike ni wọ́n ń mu, oòrùn oṣù kẹta kò sì jẹ́ kí ike méjì tó ẹnì kan láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, gbèsè tó kù sí wa lọ́rùn jẹ́ 210,000 sẹ́fà, owó tí à ń ná níbí. Ẹgbẹ́ obìnrin ló san án. Àwa ọgbọ̀n, igba sẹ́fà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan: ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àgbàdo tí a kò tíì gbìn nígbà tí wọ́n dé, a ti kórè rẹ̀, a ti fi ṣe ẹ̀kọ, a ṣì ń san. Ẹnu ẹ̀ la wà nígbà tí lẹ́tà ọpẹ́ wọn wọlé tòun tàwòrán. Wọ́n ní àwọn kọ́ ìtẹ́lọ́rùn lọ́dọ̀ wa, pé àwọn rí bí èèyàn ṣe lè máa láyọ̀ láìní nǹkan kan. Ìyá Ìjọ ka lẹ́tà náà sókè, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń nu ojú. Kò sí ẹni tó jalè nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kò béèrè, àwa náà kò sọ.

Pọ́ọ̀lù kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n òwe yìí yé e. Ó rán àwọn ará Tẹsalóníkà létí pé tọ̀sán-tòru ni òun fi ṣiṣẹ́ kí òun má baà di ẹrù lé ẹnikẹ́ni nínú wọn lórí. Ní Kọ́ríńtì, iṣẹ́ àgọ́ pípa ló bá Àkúílà àti Pìrìsílà ṣe, ó sì lo ọdún kan àti oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Ẹni tó lo ọdún kan ààbọ̀ ló ń ṣọ́ra báyìí, ká má tíì wá sọ ti ọlọ́sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá jíhìnrere, bí ẹ bá na owó sí onílé lójú, kò ní gbà á. Ẹ̀gàn ni lójú rẹ̀. Ẹ má bi pásítọ̀ náà léèrè, torí pásítọ̀ á ní Ọlọ́run á pèsè. (Ọlọ́run á pèsè lóòótọ́, ọwọ́ àwa obìnrin ló kàn máa gbà pèsè é.) Ẹni tó máa dáná ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé èló ló ń ra àpò ìrẹsì, èló ni èédú, ta ló máa pọnmi. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi owó náà ránṣẹ́ sí akápò ìjọ kí ẹ tó kúrò nílé, kó má jẹ́ ọjọ́ ìdágbére, nínú àpòòwé, pẹ̀lú ẹni tó ń yàwòrán. Bí wọ́n bá sì gbé oúnjẹ síwájú yín, ẹ jẹ ẹ́. Nínú Lúùkù orí 10, Jésù sọ fún àwọn àádọ́rin tó rán jáde pé kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú wọn, kí wọ́n má sì máa ṣí láti ilé dé ilé. Ọmọkùnrin kan wà tó fi ọjọ́ mẹ́wàá jẹ bisikíìtì tó kó sínú àpò rẹ̀, tí iyán àti wàgásì mi, wàrà tí ẹ mọ̀, ń tutù níwájú rẹ̀. N kò tíì dárí jì í tán.

Gbèsè owó ṣì rọrùn, torí owó ní iye. Èyí tó wà lára èèyàn ńkọ́?

Ikọ̀ mìíràn wá pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àti dókítà. Wọ́n tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò, ìtọ́jú ọ̀fẹ́, èrò pọ̀ bí ọjọ́ ọjà. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, ó ga, wọ́n fún un ní oògùn oṣù kan. Ara ìyá balẹ̀. Nígbà tí oògùn tán, ìyá rò pé àìsàn náà ti bá a tán, bí ibà ṣe ń tán. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì rí bẹ́ẹ̀: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, bí a bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ á tún ru padà. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un ní èdè tó gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ bá wọn lọ, nọ́ọ̀sì wa níhìn-ín kò rí i. Ike tí oògùn wà nínú rẹ̀ ni ìyá fi ń rọ iyọ̀ sí. Lọ́jọ́ kan, apá rẹ̀ ọ̀tún kọ̀ kò gbé mọ́. N kò sọ pé oògùn wọn ló fà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ ìyá yẹn lọ́kùnrin ló ń gbé e wọlé, tó ń gbé e jáde títí dòní, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jókòó sídìí tábìlì tó mọ̀.

Síbẹ̀, oògùn aràn tí wọ́n pín fún àwọn ọmọdé lọ́jọ́ kan náà, iṣẹ́ gidi ni. Albendazole mílígíráàmù 400, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ọmọ lò ó tán lójú yín, kò sí ohun tó ṣẹ́kù fún ẹnikẹ́ni láti máa gbé kiri. Awò ìkàwé náà bẹ́ẹ̀: bàbá kan tó ti pa Bíbélì rẹ̀ tì láti ọdún mélòó kan ka Sáàmù 23 lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ó sì ń kà á títí di òní. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe fún wa, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá yóò parí kí ẹ tó lọ. Èyí tí kò bá ní parí, ẹ gbé e gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ibí, kí orúkọ aláìsàn àti orúkọ oògùn wà nínú ìwé tirẹ̀. Ìwé àṣẹ ìjọba láti tọ́jú aláìsàn náà, òun ló mọ ẹni tí ẹ máa rí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì wa kò rí rí lè wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n òun ló mọ ilé tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pa ìyá, tó tún ti pa ọmọ.

Ẹ ṣọ́ ẹnu yín pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà níbí tí arákùnrin kan nínú ikọ̀ sọ fún pé, "Màá rán ọ níléèwé." Ó lè jẹ́ àánú ló sọ ọ́ sí i lẹ́nu, ó sì lè jẹ́ orin tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́. Ọmọ gbà á gbọ́. Bàbá rẹ̀ ti bá a rí ọ̀gá kápẹ́ńtà, ó kọ̀, ó ní yunifásítì ni òun ń lọ. Ọdún mẹ́ta ló fi dúró de ìpè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba òmìnira, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fá pákó. "Ó dàbọ̀" tí à ń sọ yìí, àbọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọdé máa ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà, tiyín tilẹ̀ le ju ti òyìnbó lọ níbì kan. Òyìnbó mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ẹ̀yin gbọ́ "ẹ kú àárọ̀" lẹ́nu wa, ẹ rò pé ilé lẹ wà. Ikọ̀ kan dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó, "Ìmọ́lẹ̀ Dé Kétu" ló wà láyà gbogbo wọn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bàbá àgbà kan tó jókòó nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ wa, ka àyà wọn dáadáa, ó bi wọ́n pé níbo ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń bọ̀. Wọ́n ní Èkó. Ó bi wọ́n bóyá iná wà ní Èkó lálẹ́ àná.

Ọdún 1853 ni Àjàyí Crowther ti mú ìhìnrere wọ ìlú yìí, ọdún mọ́kànlá ṣáájú kí wọ́n tó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884 ni èmi fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí aṣọ funfun rẹ̀ kún Èkó, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, lọ́wọ́ Samuel Bilehou Oshoffa, oníṣẹ́ kápẹ́ńtà. Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n sin ín sí nígbà tó kú ní 1985, ilẹ̀ Kétu sì ni Ìmẹ̀kọ kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó fa ààlà gba àárín wa kọjá ní 1889. Ta wá ló ń jíhìnrere fún ta?

Àwọn ẹlẹ́ṣẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ síbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n ń wàásù mọ́ ìlù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo aráyé ni, òun ni ìlú wa fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Kristẹni ni mí, n kì í lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ agọ̀. Ọjọ́ kẹta tí ikọ̀ náà lọ ni àwọn àgbà àdúgbò ránṣẹ́ pe pásítọ̀ wa. Àwọn alàgbà ìjọ ló dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ọtí tí wọ́n sì ní ká fi tuni lójú, ìjọ tí kì í fẹnu kan ọtí ló rà á.

Ti ìwé ìrìnnà kò gùn. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú ni kí ẹ má gbàgbé sílé, kí ẹ sì ṣẹ́ náírà yín sí sẹ́fà.

Mo pe ọmọ náà padà lánàá. Mo ní kí wọ́n má kó aṣọ wá, òkìrìkà kún ọjà wa. Mo ní kí wọ́n wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ omi mọ́ ara wọn, torí pọ́ǹpù kànga ìjọ ti dákẹ́, kó sì kọ́ ọmọ wa méjì bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n má ju mẹ́jọ lọ, yàrá mẹ́rin la ní. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Màmá, èló wá ni ti oúnjẹ?" Mo ní kó mú bírò. Mo ka ìrẹsì, èédú, epo, omi, owó ọmọ tó máa fọ àwo. Nígbà tí mo dé orí bẹntiróòlù, ó ní kí n jẹ́ kí òun pe olórí àwọn, òun á tún pè mí lálẹ́. Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo ti gba iná sí i.