Àtúnṣe: Ìnáwó Ferrari àlòkù kò dọ́gba pẹ̀lú ti Corvette tuntun

Àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ eré ń pín in kiri pé bí Ferrari 360 Modena àlòkù bá ti wálẹ̀ dé iye owó Corvette tuntun, ìnáwó lórí méjèèjì ti di ọ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́, ọkọ̀ tuntun máa ń tètè pàdánù iye rẹ̀, èyí tí ó ti dàgbà sì ti kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí a fi ra ọkọ̀ nìkan ni ó wálẹ̀, owó ẹ̀yà ara rẹ̀ àti owó iṣẹ́ kò bá a wálẹ̀.

Bẹ́líìtì ni ó ń darí àwọn fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde) nínú ẹ́ńjìnì 360, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ náà kì í jáde nílé. Bí ó bá já, fáàfù àti písítìnì (irin tí ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì) yóò kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnì yóò sì bàjẹ́. Ti F355 tí ó ṣáájú rẹ̀ tilẹ̀ le jù, nítorí ẹ́ńjìnì gan-an ni mẹkáníìkì ń sọ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó bẹ́líìtì náà. F430, tí ó jáde ní 2004, ń lo ṣéènì, tí a kì í pààrọ̀ lóòrèkóòrè bíi bẹ́líìtì, òun ni èmi yóò sì yàn nínú wọn.

Ṣéènì ni Corvette C8, ìyẹn Corvette tuntun, náà ń lò, Chevrolet tí ó ń ṣe é sì ń tún àbùkù ẹ́ńjìnì àti gíá rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà fún ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra 360 béèrè ìwé tí ó fi ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì kẹ́yìn hàn kí ó tó sanwó.